Àkèré Olójú Pupa àti Ẹyin Tí Ń Sá fún Ejò

Àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ní ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, orí pátákó ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ wo àkèré fínnífínní: a kàn án mọ́lẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀, a sì ń ka ìfun rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n àkèré tí ó ti kú kò lè fi ọgbọ́n rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí sọ̀rọ̀ nípa ọ̀kan tí ń gbé orí igi nínú igbó kìjikìji ní Kòsítà Ríkà, Pánámà àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí wọn ká.

Edward Cope, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1862, tí ó sì sọ ọ́ ní callidryas. Àwa tí èdè Gíríìkì dá lágara ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà yóò tètè rí i pé ọ̀rọ̀ méjì ni ó so pọ̀: ẹwà, àti iwin inú igi. Orúkọ náà bá a mu. Akọ rẹ̀ gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5, abo a sì máa tó 7. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tútù, ìhà rẹ̀ ní àwọ̀ aró, ọmọ ìka rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ojú rẹ̀ sì pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ní ọ̀sán, ẹ kò ní rí ọ̀kan nínú ọ̀ṣọ́ wọ̀nyí, nítorí yóò ká ẹsẹ̀ mọ́ra, yóò pa ojú dé, yóò sì lẹ̀ mọ́ ewé bí ẹni pé ara rẹ̀ ni.

Òru ìgbà òjò ni wọ́n ń yé ẹyin. Abo a máa pọn akọ sẹ́yìn lọ sínú adágún, yóò sì fi awọ ara fa omi sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀, nítorí àkèré kì í fi ẹnu mu omi bí tiwa. Lẹ́yìn èyí ni yóò gun orí ewé tí ó yọ sórí omi, tí yóò yé nǹkan bí ẹyin 40, tí oje kan tí ń yọ̀ bí ilá so pọ̀. (Nínú igbó ìhà ọ̀dọ̀ wa náà, irú àkèré kan wà tí ń po ìfófòó sórí ẹ̀ka lókè omi fún ẹyin tirẹ̀.) Ìtọ́jú òbí parí síbẹ̀, tọkọtaya yóò bá tiwọn lọ.

Ejò kan wà tí ń jẹ̀ ní òru, tí ẹyin yìí jẹ́ ààyò oúnjẹ rẹ̀. Ní ọdún 1995, ọmọwé Karen Warkentin tẹ ohun tí ó rí nínú igbó Corcovado ní Kòsítà Ríkà jáde. Ẹyin tí ohunkóhun kò yọ lẹ́nu a máa wà lórí ewé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó pa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tó nǹkan bí ọjọ́ 5, tí ejò sì bù wọ́n jẹ, àwọn tí ó kù yóò bẹ́ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọn yóò sì já bọ́ sínú omi.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ló dé tí gbogbo wọn kì í tètè pa? Ẹja àti edé ń bẹ nínú omi. Légbénlégbé tí kò gbó tó, ọmọ àkèré tí ó ṣì ń fi ìrù lúwẹ̀ẹ́, tètè máa ń di ìjẹ wọn. Ikú ń bẹ lókè, ikú ń bẹ nísàlẹ̀, ẹyin ni yóò sì mọ èyí tí ó sún mọ́ ọn jù.

Òjò pẹ̀lú a máa mi ewé, síbẹ̀ ẹyin kì í pa nítorí òjò. Warkentin gba ìgbọ̀nrìrì méjèèjì sínú ẹ̀rọ, ó sì fi wọ́n mi ẹyin láìsí ejò, láìsí òjò nítòsí. Ti ejò ni púpọ̀ sá fún. Ti òjò kúrú, ó sì ń lé ara wọn kíákíá. Ti ejò gùn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sì ń bẹ láàrin ọ̀kan sí èkejì. Bí ó bá sì jẹ́ agbọ́n, tí í máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ó dé, kìkì èyí tí ó dì mú àti díẹ̀ nínú àwọn tí ó fara kàn án ni yóò jáde. Omi kan ni ó ń tú jáde níwájú imú ọmọ náà, tí ń yọ́ awọ ẹyin lójú kan ṣoṣo, láàrin ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ihò náà yóò sì gba orí rẹ̀ kọjá.