Oògùn Tí Ìjọba Fọwọ́ Sí, Tí Wọ́n Tún Kó Kúrò Lọ́jà

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ orúnkún dídùn ni gbogbo wa ń sọ. Ẹni tó bá ń jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ dalẹ́ mọ ohun tí à ń wí. Ibẹ̀ ni ìyá kan ti bèèrè pé: "Oògùn tí ìjọba ti fọwọ́ sí, ṣé ó tún lè ṣe èèyàn ní jàǹbá?" A ní a ó kọ èsì rẹ̀ síbí.

Oògùn orúnkún kan wà tí wọ́n ń pè ní Vioxx. Ilé iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ìjọba ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní 1999 pé kí dókítà máa kọ ọ́ fún àwọn tí làkúrègbé ń dà láàmú. Oògùn ara ríro ti tẹ́lẹ̀ máa ń dá ọgbẹ́ sínú èèyàn. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó wọn. Wọn ò parọ́ níbẹ̀. Ó dé orílẹ̀-èdè tó ju 80 lọ, ní 2003 nìkan owó tó wọlé lórí rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Ọjà yẹn mà tà o!

Àṣé ọkàn ló ń bá jà. Ní 2000, wọ́n dán an wò lára nǹkan bí 8,000 èèyàn, pẹ̀lú oògùn mìíràn tó ń jẹ́ naproxen. Àrùn ọkàn òjijì pọ̀ lára àwọn tó lo Vioxx. Ilé iṣẹ́ náà ní naproxen ló ń dáàbò bo ọkàn, pé tiwọn ò burú. (Àwa oníṣòwò mọ irú èsì yẹn.) Ìgbà tí wọ́n wá fi wé hóró tí kò ní oògùn kankan nínú, kò sẹ́ni tí wọ́n lè dì í rù mọ́. Àwọn tó lò ó ju oṣù 18 lọ, ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ di ìlọ́po méjì lára wọn. Ní September 30, 2004, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kó o kúrò lọ́jà káàkiri ayé.

Kí ló dé tí wọn ò tètè rí i? Ẹgbẹ̀rún èèyàn mélòó kan ni wọ́n fi ń dán oògùn wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì lò ó pẹ́. Aṣọ tuntun kì í ṣí lórí àtẹ, ìgbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ẹ̀ẹ̀mẹrin ni.

Àwọn ìbátan rẹ̀ bíi diclofenac àti ibuprofen ṣì wà lọ́jà o. Wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìkìlọ̀ nípa ọkàn fún ẹni tó bá ń lò ó púpọ̀ tàbí fún ìgbà pípẹ́. Tí ẹ̀jẹ̀ yín bá ń ru, tàbí ẹ ti ní rọpárọsẹ̀ rí, ẹ sọ fún dókítà tàbí oníkẹ́míìsì kí ẹ tó gbà á.

Èyí tó ń dùn wá jù ni àpapọ̀ oògùn tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tà fún wa ní gáréèjì. Kò lórúkọ. Bí wọ́n bá tiẹ̀ kéde lórí rédíò lọ́la pé wọ́n ti kó oògùn kan kúrò nílẹ̀, báwo la ó ṣe mọ̀ bóyá òun la ti ń gbé mì? Ẹ jọ̀ọ́, kí olúkúlùkù mú páálí oògùn rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ká lè bá ara wa ka orúkọ tó wà lára rẹ̀.