Ṣé O Mọ Ohun Tí Bíréèkì Ń Wí?

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n dìídì ṣe pádì bíréèkì kó lè ké ni? Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí pádì bá jẹ dé nǹkan bíi mílímítà 2 tàbí 3, irin yẹn á máa ha dísìkì, á sì máa han gooro. Awakọ̀ tó gbọ́ ọ ní Èrúwà, tó wá yí rédíò sókè títí dé Igbó-Ọrà, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ṣé o mọ̀ pé igbe àárọ̀ kì í ṣe àìsàn? Ìrì òru kan ti tó kí ojú dísìkì dípẹtà. Tẹ bíréèkì bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó tán.

Tó bá ń ha láìjẹ́ pé o tẹ bíréèkì ńkọ́? Lójú ọ̀nà oko wa, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú ilẹ̀ pupa, ó lè jẹ́ òkúta ló há sáàárín dísìkì àti páánù tó bò ó lẹ́yìn. Mo mọ ẹni tó ra pádì tuntun nítorí òkúta tí kò tó hóró àgbàdo. Ṣùgbọ́n tí ariwo bá ti dà bíi ti ọlọ, pádì ti tán nìyẹn, irin ló ń lọ irin.

Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ aránbàtà ni pádì ti bẹ̀rẹ̀? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz wa ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ṣe láti Mannheim lọ sí Pforzheim ní Jámánì, ó lé ní kìlómítà 100. Bíréèkì onígi rẹ̀ jẹ lọ́nà. Ó yà lọ́dọ̀ aránbàtà, ó ní kó kan awọ mọ́ ọn.

Ṣé o mọ̀ pé èyí tí kò ké ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù? Bíréèkì tó há lè má pariwo rárá. Ọkọ̀ á kàn máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, epo á máa yára tán, òórùn nǹkan tó ń jó á sì gba afẹ́fẹ́. Bí o bá dúró, na àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, má fọwọ́ kan irin. Èyí tó gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ ló há. Má da omi tútù sí i o, dísìkì lè wọ́.

Tó bá tutù, gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, fi òkúta ńlá dá àwọn táyà tó kù dúró, fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà, má sì wọ abẹ́ ọkọ̀. Tẹ bíréèkì, fi í sílẹ̀, fọwọ́ yí táyà. Kò yí? Tú nọ́ọ̀tì kékeré tí mẹkáníìkì fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Bí táyà bá yí lójú ẹsẹ̀, ọ́ìlì ló há sínú: rọ́bà tó ń gbé e wá lè ti wú nínú, kó gbà á wọlé, kó má jẹ́ kó padà. Bí kò bá yí síbẹ̀, wo píìnì tàbí písítìnnì kálípà, ìyẹn irin tó ń fún pádì mọ́ dísìkì. Píìnì ò le: yọ ọ́, nù ún, fi gíríìsì bíréèkì ra á. Gíríìsì bẹ́árìnnì kọ́, ìyẹn ń mú kí rọ́bà wú. Tó bá jẹ́ rọ́bà tàbí písítìnnì, pe mẹkáníìkì. Bí o bá sì ti tú nọ́ọ̀tì yẹn, jẹ́ kó fa afẹ́fẹ́ jáde kí ọkọ̀ tó rìn.

Ṣé o mọ̀ pé "ọ́ìlì bíréèkì" kì í ṣe ọ́ìlì? Orúkọ yẹn ti ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́. Da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, gbogbo rọ́bà inú bíréèkì á wú, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè há. Ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára, tó ṣì tuntun, kì í hó títí ìgbóná fi dé 205°C. Tó bá ti fa omi mu láti inú afẹ́fẹ́, 140°C ti tó láti mú un hó.

Ọmọ ìlú tó ń gbé Èkó, tó fa hándì-bíréèkì sókè nílé lẹ́yìn Iléyá, tó padà dé nígbà Kérésì: láínìn, ìyẹn pádì bíréèkì onídúróòmù, ti lẹ̀ mọ́ dúróòmù. Ì bá ti fi ọkọ̀ sínú jíà, kó fi òkúta ti táyà.

Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, ò nílò ẹ̀kọ́ lórí èyí: ohun tí a bá rà fún Táyé la ó rà fún Kẹ́hìndé. Bí o bá pààrọ̀ pádì ọ̀tún, pààrọ̀ ti òsì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ á máa fà. Fi àkísà tútù nu eruku ibẹ̀, má fẹnu fẹ́ ẹ. Asbestos wà nínú àwọn pádì àtijọ́, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bí o bá wọ pádì tuntun tán, tẹ bíréèkì léraléra kí ọkọ̀ tó sún rárá. Àkọ́tẹ̀ máa ń wọlẹ̀ lófìfo. Ògiri ilé mi mọ̀ ọ́n dáadáa.