Irin Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí Ó Ṣègbé

Ènìyàn púpọ̀ ni ó gbà pé ohun tí ó yẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni adé ọba, idà ológun, àti àwòrán tí àwọn ọ̀gá ayàwòrán fi ọ̀dà kùn. Bí a bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ní ìlú Rouen, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí ó jẹ́ pé irin ni ó kún inú rẹ̀, àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́, àmì ilé ìtajà, irin àtẹ̀gùn àti ọgbà bákónì, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì bi wá léèrè bóyá ìsọ̀ àwọn onírin àlòkù ni à ń wí. Àwa kò ní bá a rẹ́rìn-ín.

Musée Le Secq des Tournelles ni orúkọ ilé náà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí a ń pè ní Saint-Laurent ni ó wà, èyí tí ìsìn ti dáwọ́ dúró nínú rẹ̀ ní àkókò ìdìtẹ̀ ńlá tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1789. Bàbá àti ọmọ ni ó kó ohun inú rẹ̀ jọ. Bàbá, Henri Le Secq, tí a bí ní 1818, jẹ́ ayàwòrán, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ya fọ́tò ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1851, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn ni a yàn láti lọ ya fọ́tò àwọn ilé àtijọ́ tí ó ń bàjẹ́ káàkiri ilẹ̀ náà. Ní 1852 àti 1853, ó ya àwọn ilé Paris bí a ti ń wó wọn lulẹ̀ láti la títì tuntun.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níhìn-ín. Bí a bá wó ilé, a lè rí òkúta rẹ̀ lò fún ilé mìíràn, yóò sì máa jẹ́ òkúta lọ. Irin kò rí bẹ́ẹ̀. Inú iná ni irin àtijọ́ ń padà sí, bí ó bá sì ti yọ́ tán, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ewé àti òdòdó ni ó ti wà lára rẹ̀ rí. Èyí ni Le Secq rí tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí kó irin jọ. Nígbà tí ó kú ní 1882, ọmọ rẹ̀ tí ń jẹ́ Henri bákan náà kò da iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òun ni ó fi gbogbo rẹ̀ ta ìlú Rouen lọ́rẹ. Wọ́n ṣí ilé náà ní 1921. Ọmọ náà kú ní 1925.

Kí ni ó wà lára ọgbà bákónì tí ènìyàn fi lè ná ọjọ́ ayé rẹ̀ lé e lórí? Bákónì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tí ó yọ síta lára ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì; irin ni a fi yí i ká kí ènìyàn má bàa ré lulẹ̀. Ọ̀pá irin gbọọrọ mélòó kan ìbá ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ Faransé kò gbà pé ó tó. A fi iná sí ọ̀pá irin títí yóò fi pọ́n, a fi ọmọ owú lù ú, a sì ká a bí ìkarahun ìgbín. Kò sí iná mànàmáná tí ó lè fi jó irin pọ̀ nígbà náà; ìdè irin pẹlẹbẹ ni ó fi ń so èkíní mọ́ èkejì. Ní ti ewé, a gé e láti ara irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a sì fi òòlù kékeré lù ú láti ẹ̀yìn títí iṣan ewé yóò fi hàn.

Ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe àgádágodo ni ó ni iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ di ọ̀gá láàrin wọn níláti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ àṣehàn kan fún àwọn àgbà ẹgbẹ́. Olùkọ́ tí ó bá rántí ọjọ́ tí olùbẹ̀wò jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì tí ó ń wo ẹnu rẹ̀ yóò mọ bí àyà wọn ti ń já tó.

Ní ayé Louis kẹrìnlá, ọba tí ó kú ní 1715, ọ̀tún àti òsì ọgbà bákónì níláti dọ́gba bí apá ẹyẹ. Nígbà tí Louis kẹẹ̀ẹ́dógún gorí oyè, irin bẹ̀rẹ̀ sí jó: ó ń yí, ó ń tẹ̀, ọgbà bákónì sì yọ ikùn síta. Àwọn kan a máa sọ pé nítorí yẹ̀rì fífẹ̀ àwọn obìnrin ọlọ́lá ni ó fi yọ ikùn. Àwa kò fi gbogbo ara gba èyí gbọ́, nítorí àpótí aṣọ ìgbà náà pẹ̀lú yọ ikùn, àpótí kì í sì í wọ yẹ̀rì. Nígbà tí ó di 1774 tí Louis kẹrìndínlógún jọba, ilà gígùn àti àmì roboto bíi ti àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ti gba ipò ijó náà.

Ohun tí ó yí iṣẹ́ yìí padà pátápátá ni irin dídà, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. A ó fi igi gbẹ́ àwòrán bákónì, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú iyanrìn, a ó sì da irin yíyọ́ sí ojú rẹ̀. Ohun tí alágbẹ̀dẹ ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ rọ, a lè dà á ní ìgbà púpọ̀ láìyàtọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi Val d'Osne tẹ ìwé àwòrán jáde, ẹni tí ń kọ́lé a sì yan bákónì nínú rẹ̀ bí ẹni ń yan aṣọ lọ́jà. Nígbà tí Haussmann ń tún Paris kọ́, láti 1853 títí di 1870, irú irin yìí ni ó gba ojú títì kan. Ẹ wo ilé ìgbà náà dáadáa: bákónì gígùn sábà máa ń wà ní àjà kejì àti àjà karùn-ún. Kò sí ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè, nítorí náà àjà kejì ni olówó ń gbé, kí ó má bàa gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Abẹ́ òrùlé ni ọmọ ọ̀dọ̀ ń sùn. Ẹni tí ó dúró ní títì lè ka ipò àwọn ará ilé láti ara irin.

Àwọn kan wà tí ń bú irin dídà pé ó pa iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Òótọ́ ni pé irin dídà le, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣubú, ó lè fọ́, irin rírọ a kàn tẹ̀ ni. Òótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá alágbẹ̀dẹ di ẹni tí ń fi ìdè de ohun tí ẹlòmíràn dà. Síbẹ̀, ohun tí ó jẹ́ ti ọlọ́lá nìkan tẹ́lẹ̀ di ohun tí akọ̀wé àti oníṣòwò lè ní ní ojú fèrèsé wọn. Àwa tí a ń fẹ́ kí ohun rere kárí kò lè fi ẹnu kan bú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó rọ irin inú ilé náà ni a kò mọ orúkọ wọn. A mọ ọba tí ó jẹ nígbà tí a rọ ọ́. A kò mọ ọwọ́ tí ó di òòlù mú. Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn sí ìtàn Jean Lamour ti ìlú Nancy. Òun ni ó ṣe àwọn ilẹ̀kùn irin tí a fi wúrà bò àti ọgbà bákónì tí ó yí gbàgede ńlá ìlú náà ká, èyí tí Stanislas, tí ó ti jẹ ọba Poland rí, ṣí ní 1755. Lamour kò dákẹ́. Ó ya gbogbo iṣẹ́ náà sínú ìwé ńlá kan. Stanislas kú ní 1766. Ìwé náà jáde ní 1767, orúkọ ọba àti orúkọ alágbẹ̀dẹ sì wà ní ojú ewé kan náà.