Ara Gbígbẹ Tó Ń Dúdú: Ẹ Má Fi Kíríìmù Bà Á Jẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ dé sí Ìwó, orúnkún àti kókósẹ̀ mi gbẹ, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo gba ọjà lọ, wọ́n bá mi po kíríìmù sínú ike tí kò lórúkọ. Lọ́sẹ̀ kìíní, ibẹ̀ ń dán. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ń ta mí, awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má ṣe bíi tèmi o. Ibi tí nǹkan bá ti ń ra awọ ara wa ló máa ń dúdú: à ń kírun, à ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ọyẹ́ á tún fa omi ibẹ̀ gbẹ. Àpòpọ̀ kíríìmù sì lè ní mercury, tó ń ba kíndìnrín jẹ́, tàbí steroid, tó ń jẹ́ kí làpálàpá fara pamọ́ kó sì máa tàn.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, ẹ má fi kànìnkànìn bó ibẹ̀. Kí omi tó gbẹ lára, ẹ ti fi òrí pa á.

Bó bá rí róbótó, tó ń yún yín, ẹ bi apòògùn nípa làpálàpá. Bó bá jẹ́ ọrùn tàbí abíyá ló dúdú tó sì nípọn, ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìtọ̀ ṣúgà lè máa bọ̀ lọ́nà.

Èmi ti ju ike yẹn nù. Tiyín ńkọ́?