Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Kan fún Ìnárun: Ìlàlóye fún Àwọn Òbí ní Olúpọ̀nnà

Kí ni ìnárun?
Aràn Onchocerca volvulus ló ń fà á. Amùkúrù, kòkòrò dúdú kékeré tó ń jẹ ni lọ́sàn-án, ló ń gbé e kiri. Inú omi tó ń ṣàn kíkankíkan ló ń yé sí. Kí ẹni tó ń dáko tàbí tó ń pẹja létí odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀bà kíyè sára.

Àwọn àmì rẹ̀
• Ara yíyún tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn
• Awọ tó le, tó sì hunjọ
• Kókó ní ìbàdí
• Ojúgun tó ṣí funfun tótòtó
• Ojú tó ń ṣe bàìbàì; ó lè fọ́ pátápátá

Ṣé àyẹ̀wò ibà lè fi í hàn?
Rárá. Inú awọ lọmọ aràn yìí ń gbé. Awọ bíńtín ni wọ́n ń bẹ́ ní ìbàdí láti fi wá a.

Iṣẹ́ wo wá ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Ov16 ń ṣe?
Ohun tí ara pèsè láti bá aràn jà ló ń wá. A ó gún ọmọ níka, ẹ̀kán kan ti tó. Àmọ́ ohun ìjà yìí kì í tètè tán lára. Àgbàlagbà tó ti bọ́ lọ́wọ́ aràn ṣì lè ní i.

Kí ló dé tó jẹ́ ọmọdé?
Bí a bá bá ohun ìjà yìí lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10, a jẹ́ pé amùkúrù ṣì ń pín aràn nílùú. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2016 ni pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tó 1 nínú 1,000 kí a tó dáwọ́ pípín oògùn ìnárun dúró. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín ń jẹ́rìí fún gbogbo ìlú.

Oògùn ńkọ́?
Ọ̀fẹ́ ni Mectizan, oògùn ìnárun. Láti ọdún 1987 ni ilé-iṣẹ́ Merck ti ń fi tọrẹ. Ọmọ aràn ló ń pa. Ìyá aràn lè lo ọdún 10 sí 15 lára, ìdí nìyí tí a fi ń lò ó lọ́dọọdún, bí ara ò tilẹ̀ yún mọ́. Ọ̀pá la fi ń wọn gíga yín ká tó mọ iye tí ẹ ó lò.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ lò ó:
• Ọmọ tí gíga rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 90
• Aláboyún
• Ìyá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó bímọ
• Ẹni tí àìsàn líle ń ṣe

Bí ara bá yún tàbí tó wú lẹ́yìn oògùn, ẹ sọ fún ẹni tó pín in. Bó bá le, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.