Áísìn Orí Bisikíìtì: Omi Ni Kí Ẹ Máa Ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, ọ̀rọ̀ ohun tí ń dùn lẹ́nu ni. Áísìn ni mo fẹ́ bá yín sọ, èyíinì ni ṣúgà funfun tí àwọn oníkéèkì fi ń bo orí kéèkì, tí a sì lè fi kọ̀wé tàbí kí a fi ya òdòdó sórí bisikíìtì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àfi ẹni tí ó bá lọ kọ́ ọ ní òkè òkun. Rárá o. Ohun mẹ́ta péré ni ó wà nínú rẹ̀: ṣúgà tí a lọ̀ kúnná, omi díẹ̀, àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi ni ó máa ń dójú ti ènìyàn. Ó ti dójú ti èmi náà rí.

Òkè-Odò ni mo ń gbé, kò jìnnà sí ọjà ńlá tí ó wà létí títì tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ní oṣù keje ọdún 2019, ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi kan ní ìhà Ìgándò ní kí n bá àwọn ṣe bisikíìtì 150 fún ọjọ́ ìparí ọdún ẹ̀kọ́. Àǹtí tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní Yorùbá ni ó dá àbá kan tí ó dára púpọ̀. Ó ní kí n kọ a, b, d wa sórí wọn, lẹ́tà kan lórí bisikíìtì kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ka lẹ́tà tirẹ̀ kí ó tó jẹ ẹ́. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25. Bí a bá kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, 150 náà pé géérégé. Mo ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti parí."

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Èmi ti po áísìn mi kí ó ṣàn dáadáa, kí ó lè máa yọ̀ lọ geerege bí mo bá ń kọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fọwọ́ kàn án, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi níka. Àkókò kò sì dúró. Mo dì wọ́n sínú nílọ́ọ̀nù, mo tò wọ́n sínú páálí, mo gba ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkọ̀tún lọ, bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni mo wọ̀ kí n tó débẹ̀. Ìgbà tí a ṣí páálí, háà! Gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà ti ṣàn lọ. Ẹ ti di e, ọ ti di o, ṣ ti di s. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, tí ó jẹ́ pé ọlọ́run nìkan ni ó lè kà wọ́n.

Àǹtí náà wò wọ́n títí, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, mà. Ohun tí mo fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ yìí kọ́ nìyí." Ìdajì owó ni wọ́n san fún mi. Mo gbà á, n kò jiyàn, nítorí mo mọ̀ pé ẹjọ́ mi ni. Owó ṣúgà, owó bọ́tà, owó gáàsì, owó ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ bí ìdajì owó ti rí nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti jókòó wádìí ọ̀rọ̀ omi yìí. Ohun tí mo rí nìyí.

ṢÚGÀ Ń MU OMI LÁTINÚ AFẸ́FẸ́

Ṣúgà kì í ṣe ohun tí ó kàn jókòó jẹ́ẹ́. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó máa ń fà á mọ́ra. Ẹ ti rí iyọ̀ tí a kò dé ní ìgbà òjò, bí ó ti máa ń sunkún. Ọ̀kan náà ni. Nínú oṣù kẹfà àti oṣù keje, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó sábà máa ń tó ìdá 80 nínú 100, ó sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ ní òru. Áísìn a máa gbẹ nígbà tí omi inú rẹ̀ bá fò lọ sínú afẹ́fẹ́, tí ṣúgà sì dì. Ibo wá ni omi ó fò lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti yó omi? Ìdí nìyí tí áísìn tí ó gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀ nígbà ọyẹ́ fi lè sùn mọ́jú láìgbẹ nígbà òjò. Àwọn ìwé tí òyìnbó kọ sọ pé kí a fi omi báyìí báyìí sí i. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n inú ilé tí òtútù ti gbẹ ni wọ́n ti wọn tiwọn.

Nítorí náà, ohun tí a ó ṣe ni pé kí omi tí àwa fúnra wa ń bù sí i kéré tó bí ó bá ti lè kéré tó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣúgà. Àwọn tí ń ta èròjà kéèkì máa ń ta ṣúgà lẹ́búlẹ́bú, ṣùgbọ́n ó wọ́n ju ṣúgà lásán lọ, ẹ sì lè lọ̀ ọ́ fúnra yín nínú ilé. Ẹ bu ṣúgà lásán, èyí tí ó rí bí iyanrìn, agolo mílíìkì kékeré 1. Ẹ bu kọ́nfúláwà, èyíinì ni ìyẹ̀fun àgbàdo funfun tí ó kúnná bí àtíkè, ṣíbí tíì 1 tí ó kún dáadáa, ẹ dà á lé e. Kọ́nfúláwà yìí ni kì í jẹ́ kí ṣúgà dì mọ́ra wọn, nítorí ó ń gba ọ̀rinrin dípò rẹ̀. Ẹ má fi kọ́sítáàdì rọ́pò rẹ̀ o, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí áísìn yín pọ́n bí ìyeyè. Ẹ lọ̀ wọ́n pọ̀ nínú ife kékeré bùléńdà tí a fi ń lọ ohun gbígbẹ títí yóò fi dà bí pọ́dà ọmọdé. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí eruku rẹ̀ rọlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó sín títí. Agolo 1 yìí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di 2. Lẹ́yìn náà ẹ fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ há jọ̀ ọ́, kí ẹ dá èyí tí kò kúnná padà.

Ẹ jọ̀wọ́, bùléńdà tí a fi lọ ata lánàá ńkọ́? Bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, ata ń bẹ níbẹ̀. Mo ti rí ọmọ kan tí ó lá áísìn tí ó sì bú sẹ́kún. Ife ọ̀tọ̀ ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ohun dídùn.

BÍ A TI Ń PÒ Ó

Ẹ wọn ṣúgà lẹ́búlẹ́bú agolo mílíìkì 3, èyí tí ó tó nǹkan bí gíráàmù 250. Omi tí a sè tí ó sì ti tutù, ṣíbí ìjẹun 2 péré ni ó ń fẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ó wò ó, ẹ ó ní, "Èyí kò lè tó láé." Ó tó. Ẹ kọ́kọ́ da ìdajì sí i, ẹ rò ó, yóò gbẹ bí gààrí tí a bu omi díẹ̀ sí. Ẹ má kánjú. Ẹ máa rò ó lọ, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí tíì 1 sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ wá máa kán omi tí ó kù sí i díẹ̀díẹ̀. Ọsàn yìí ń gé adùn rẹ̀ kí ó má baà gúnni lọ́fun, ó sì ń jẹ́ kí ó funfun lójú. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ lọ ṣúgà náà, nítorí ti ilé kì í kúnná tó ti ẹ̀rọ ńlá, ó sì ń fẹ́ àkókò láti yọ́.

Báwo ni a ó ti mọ̀ pé ó ti tó? Ẹ fi ọ̀bẹ fa ilà la ojú rẹ̀ kọjá, kí ẹ máa kà á. Bí ilà náà bá parẹ́ kí ẹ tó ka márùn-ún, ó ti ṣàn jù. Ẹ fi ṣúgà kún un. Bí ó bá parẹ́ nígbà tí ẹ ka mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó dára fún bíbo ojú bisikíìtì. Èyí tí a fi ń kọ lẹ́tà tàbí tí a fi ń fa ìlà etí gbọ́dọ̀ ki ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ilà náà dúró síbẹ̀ láìparẹ́. Lórí èyí ni mo ti ṣubú ní Ìgándò. Áísìn ìbojú ni mo fi kọ lẹ́tà.

Ẹ lè fi mílíìkì rọ́pò omi, ó dùn, ṣùgbọ́n kì í gbẹ le bí ti omi, kì í sì pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Fún ọjà títà, omi ni mo fara mọ́.

Ní ti funfun ẹyin, àwọn kan yóò sọ pé áísìn gidi kò lè ṣe láìsí i. Òótọ́ ni pé ẹyin ni ó ń mú kí áísìn kéèkì ìgbéyàwó le gbagidi. Irú èyí ni àwọn òyìnbó ń fi orúkọ ọba pè, wọ́n sì máa ń so ó mọ́ kéèkì ìgbéyàwó Queen Victoria ní ọdún 1840. Ṣúgà funfun ṣì jẹ́ ohun ọlọ́lá nígbà náà, àwọn ènìyàn tiwa tí a kó lẹ́rú lọ sí Cuba, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí níbẹ̀, wà nínú oko ìrèké lọ́dún kan náà. Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ẹyin. Ẹyin tútù lè ní kòkòrò salmonella nínú, èyí tí ń fa inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1988, mínísítà kan ní Gẹ̀ẹ́sì, Edwina Currie, sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò yìí nínú ẹyin ilẹ̀ wọn, ọjà ẹyin dẹnu kọlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì fi ipò sílẹ̀ nínú oṣù náà gan-an. Bí ọ̀rọ̀ ẹyin bá lè gbé mínísítà lulẹ̀, kí ni tèmi tí mo ń ta bisikíìtì fún ọmọ ọdún mẹ́ta? N kì í fi ẹyin tútù sí ti àwọn ọmọdé.

ÀWỌ̀ NÁÀ, OMI NI

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé àwọ̀ tí ó jẹ́ olómi wà nínú ìṣirò omi. Ẹ ó ti po áísìn tán kí ó ki dáadáa, ẹ ó wá kán àwọ̀ pupa sí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ti di ẹ̀kọ mímu. Bí ẹ bá fẹ́ lo àwọ̀, ẹ dín omi kù ṣáájú.

Nínú ilé ìdáná wa àwọ̀ kò wọ́n wa. Ẹ se ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe zobo, ẹ̀kúnwọ́ kan nínú omi díẹ̀, títí yóò fi dúdú kirikiri, ẹ sẹ́ ẹ, kí ó tutù, ẹ fi í rọ́pò omi. Pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́, yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Èyí tí kò ní ọsàn a máa yà sí àwọ̀ àlùkò. Atalẹ̀ pupa lílọ̀ ń mú àwọ̀ ìyeyè wá, bí èyí tí ó wà lórí orí abẹ́rẹ́ bá tó, ẹ dúró níbẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í fara sin. Kòkó lẹ́búlẹ́bú wà fún àwọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n òun ń mu omi, nítorí náà ẹ lè kán díẹ̀ kún un. Mo ti fi omi ewé úgù dán àwọ̀ ewé wò. Àwọn ìbejì mi béèrè ibi tí ẹran wà.

Bí ẹ bá ń ra àwọ̀ lọ́jà, kí ó jẹ́ ti oúnjẹ, kí ó wà nínú ìgò tirẹ̀, kí nọ́ńbà NAFDAC sì wà lára rẹ̀. Ẹ má ra èyí tí a bù sínú nílọ́ọ̀nù tí kò lórúkọ. Ní ọdún 2015, àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Gánà rí i pé àwọn kan ń po àwọ̀ Sudan IV, tí kì í ṣe ohun jíjẹ, mọ́ epo pupa kí ó lè pọ́n lójú ọjà. Ẹni tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí epo kò ní ṣàì ṣe é sí àwọ̀.

Ẹ jẹ́ kí bisikíìtì tutù pátápátá kí ẹ tó kàn án. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ pẹ́nrẹ́n, áísìn yóò yọ́. Ẹ kò nílò irinṣẹ́ òyìnbó: ẹ da áísìn sínú nílọ́ọ̀nù mímọ́ tí ó nípọn, ẹ gé igun rẹ̀ kan kí ihò náà tó ojú abẹ́rẹ́ ńlá, ẹ máa fún un. Ẹ kọ́kọ́ fi èyí tí ó ki yí etí bisikíìtì ká bí ọgbà, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá da ìbojú sí àárín.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹ tò wọ́n sórí tíréè láìkàn ara wọn, níwájú fáànù, bí iná bá wà. Ẹ má gbé wọn sí oòrùn, bọ́tà inú wọn yóò yọ́, eṣinṣin yóò sì pe ara wọn jọ. Ẹ má sì gbé wọn sínú fíríìjì. Ìgbà tí ẹ bá gbé wọn jáde ni wọn ó làágùn, gbogbo ohun tí ẹ kọ yóò sì ṣàn. Nígbà òjò, ẹ fún wọn ní odidi òru kan ó kéré tán. Ní ti èèrà, ẹ gbé ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo tí omi wà nínú rẹ̀, kí tábìlì má sì kan ògiri. Ibi kan ṣoṣo tí omi ti wúlò fún wa nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2019 náà, mo padà sọ́dọ̀ Àǹtí ní Ìgándò, mo ní kí ó jẹ́ kí n san gbèsè mi. Ọyẹ́ ti dé, èyí ràn mí lọ́wọ́, n kò ní purọ́. Bisikíìtì 25 ni mo gbé lọ, lọ́fẹ̀ẹ́, a títí dé y. Ó mú ọ̀kan, ó dojú rẹ̀ dé sórí àtẹ́lẹwọ́, ó tún gbé e sókè wò. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ wo àmì abẹ́ ọ bí ó ti jókòó." Ó wá béèrè iye tí n ó gbà fún 150.