Kí Ọmọ Yín Tó Gun Òkè Òjò Dídì

Ẹ̀yin ìyá, pàápàá jùlọ ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ní àsìkò òtútù, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ a máa kó àwọn ọmọ lọ sí òkè Alps, ní Fáránsé, ní Ọ́sítríà tàbí ní Switzerland, láti lọ kọ́ eré síkì. Nínú eré yìí, ènìyàn a de pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹsẹ̀, a sì máa yọ̀ bọ̀ láti orí òkè tí òjò dídì bò. Nígbà tí ìwé ìyọ̀ǹda bá dé ọwọ́ ìyá, owó àti ẹ̀wù òtútù ni ó máa ń kọ́kọ́ rò. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó ku ìbéèrè kan tí ó ṣe pàtàkì jù wọ́n lọ: ta ni yóò máa ka ìròyìn òkè náà fún àwọn ọmọ ní àràárọ̀, ǹjẹ́ ọmọ mi yóò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀?

Oríṣi ìròyìn méjì ni ó wà. Èkíní ni èyí tí ibùdó eré fúnra rẹ̀ ń gbé jáde lójoojúmọ́. Yóò sọ bí òjò dídì ti nípọn tó ní ìsàlẹ̀ àti ní orí òkè, èyí tí ó rọ̀ mọ́jú, bí afẹ́fẹ́ ti le tó, àti àwọn ọ̀nà tí ó ṣí tàbí tí wọ́n tì. Ẹ má ṣe wo ti ìsàlẹ̀ nìkan, nítorí bí a bá fi 1,000 mítà gòkè, òtútù a máa fi nǹkan bí dígírì 6 le sí i.

Èkejì ni ìròyìn ewu ọ̀gbàrá òjò dídì, ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní avalanche. Ní Switzerland, iléeṣẹ́ ìwádìí tí a ń pè ní SLF, ní ìlú Davos, ni ó ń ṣe é. Ní ìgbà òtútù, ó ń jáde ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, ó sì tún ń jáde ní aago 8 òwúrọ̀. Iṣẹ́ náà ti pẹ́, nítorí láti ọdún 1936 ni wọ́n ti ń wọn òjò dídì ní Weissfluhjoch, lókè ìlú náà.

Kí ni ó ń fa ọ̀gbàrá yìí? Ẹ wo bí a ti ń to aṣọ. Bí a bá to aṣọ òkè tí ó wúwo lé orí gèlè sílíkì, wọn yóò dúró jẹ́ẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ibi tí a tò wọ́n sí bá tẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, tí a sì fọwọ́ kàn wọ́n, gbogbo èyí tí ó wà lórí sílíkì ni yóò yọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òjò dídì ṣe ń rọ̀ ní ìpele-ìpele. Bí ìpele kan tí kò lágbára bá wà lábẹ́, tí òjò dídì titun wá rọ̀ lé e, tàbí tí afẹ́fẹ́ gbá púpọ̀ jọ sórí rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹnì kan tó láti tú gbogbo rẹ̀ lulẹ̀. Nínú ènìyàn 10 tí irú ọ̀gbàrá bẹ́ẹ̀ gbé, nǹkan bí 9 ni ó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn, tàbí ẹni tí wọ́n jọ lọ, ni ó tú u.

Láti ọdún 1993 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fẹnu kò lórí ìwọ̀n ewu kan náà, láti 1 tí ó kéré jù títí dé 5 tí ó pọ̀ jù. Níbí ni ẹ̀tàn wà. Ẹni tí ó bá rí 3 yóò rò pé àárín ni ó wà, pé kò burú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Ní Switzerland, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ọ̀gbàrá òjò dídì ń pa ni ó ń kú ní ọjọ́ tí ìròyìn sọ pé ewu wà ní 3. Nígbà tí ó bá di 4 tàbí 5, ẹ̀rù a ba ènìyàn, wọn a sì jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3, oòrùn lè máa ràn, kí ojú ọ̀run mọ́ kedere, kí òjò dídì titun sì máa dán, kí gbogbo rẹ̀ máa pe ọ̀dọ́ pé kí ó wá.

Kì í sì í ṣe eléré nìkan ni ọ̀ràn yìí ń bá. Àwọn àgbà ní òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ní ọdún 1999, òjò dídì rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní àfonífojì kan ní Ọ́sítríà, títí ọ̀nà fi dí tí àwọn àlejò kò sì rí ọ̀nà jáde. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, ọ̀gbàrá òjò dídì ya wọ abúlé Galtür, ó sì pa ènìyàn 31. Ní ọjọ́ kejì, ó pa ènìyàn 7 mìíràn ní Valzur, nítòsí ibẹ̀. Àwọn ilé kan tí ó wó wà ní ibi tí wọ́n ti kà sí ibi tí kò léwu.

Nítorí náà, kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé, ẹ béèrè bóyá ojú ọ̀nà tí ibùdó fi àmì sí nìkan ni àwọn ọmọ yóò ti máa ṣeré. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa yẹ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣí i, nígbà mìíràn wọn a sì fi àdó olóró tú òjò dídì tí ó léwu kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ yín pé okùn tí wọ́n fi dínà kì í ṣe ọ̀ṣọ́, àti pé ipa ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn okùn kò fi hàn pé ibẹ̀ dára. Ẹ ní kí ó máa béèrè nọ́ńbà ewu lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ ní àràárọ̀.

Àgbàlagbà tí ó bá fẹ́ kúrò lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní afinimọ̀nà tí ó mọṣẹ́. Olúkúlùkù wọn gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rọ kékeré tí ń fi ibi tí a bo ènìyàn mọ́lẹ̀ sí hàn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń gún òjò dídì wá a, àti ṣọ́bìrì. Bí wọ́n bá hú ẹni tí ó rì jáde láàárín ìṣẹ́jú 10, nǹkan bí 9 nínú 10 ni ó ń yè. Bí ó bá di ìṣẹ́jú 30, kò ju nǹkan bí 3 lọ. Àwọn tí ń pèsè ìrànwọ́ láti ìlú kì í sábà tètè dé tó bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ lọ ni yóò gbà á là.

Ẹ má ṣe fi ìbẹ̀rù dí ọmọ lọ́wọ́ eré tí ó dára. Ẹ kàn kọ́ ọ pé kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn ka ìròyìn òwúrọ̀, kí ó sì sọ pé òun kò lọ lónìí. Òkè kì í sá lọ. Bí ọmọ bá wà láàyè, yóò bá a níbẹ̀ lọ́la.